Ìfiwéra Dẹ́ẹ̀kì Àràmàǹdà Mẹ́rin fún Ìdíje Magic: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Yàn?

Láti ọdún 1993 tí Richard Garfield àti ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ti gbé eré káàdì Magic: The Gathering jáde, irú òǹdíje méjì ni a máa ń bá pàdé níbi ìdíje. Àwọn kan a máa gbé dẹ́ẹ̀kì (àkójọ káàdì tí òǹdíje fi ń ṣeré) tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ó lágbára, wọn a sì fi ìdánrawò borí àwọn tí wọ́n gbé irú rẹ̀. Àwọn kejì a máa gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Àwọn kejì yìí ni èmi, láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń yan dẹ́ẹ̀kì nítorí ohun tí kò yẹ kí ó jẹ́ ìdí. A gbà pé ìyàlẹ́nu ni yóò jà fún wa, bẹ́ẹ̀ eré kan ṣoṣo ni ìyàlẹ́nu fi ń wúlò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí nínú eré méjì ni ó gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Nígbà tí eré kìíní bá sì ti parí, alátakò ti mọ ohun tí ẹ gbé wá, ó sì ní káàdì ìpààrọ̀ 15 tí òfin gbà á láyè láti mú wọ inú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn dẹ́ẹ̀kì àràmàǹdà: bí alátakò bá ti mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn, ṣé káàdì ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ aláìwúlò síbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi wo dẹ́ẹ̀kì mẹ́rin: Lantern Control àti Goblin Charbelcher nínú ẹ̀ka Modern, Manaless Dredge nínú ẹ̀ka Legacy, àti Battle of Wits tí òfin Modern náà gbà láyè. Ẹ̀ka ni mo ń pe irú ìdíje tí òfin rẹ̀ ń sọ àwọn káàdì tí a lè lò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí n ó máa lò. Dẹ́ẹ̀kì kò gbọdọ̀ dín ní káàdì 60, kò sì gbọdọ̀ ní ju ẹ̀dà mẹ́rin káàdì kan náà lọ, àfi ilẹ̀ ìpìlẹ̀. Òkìtì ni mo ń pe àwọn káàdì tí a dojú wọn délẹ̀ tí a ń fà. Itẹ́ ni ibi tí èyí tí a lò tán tàbí èyí tí a dà nù ń lọ. Pápá ni orí tábìlì tí a ń gbé káàdì kalẹ̀ sí. Máńà ni agbára tí a ń ná láti lo káàdì, àwọn káàdì ilẹ̀ ni ó sì sábà ń mú un wá. Ẹ̀dá ni káàdì tí ń kọlù alátakò, ohun èlò ni káàdì irinṣẹ́ tí ń dúró lórí pápá, ọfọ̀ sì ni káàdì tí a ń pè. Ìyípo ni àkókò tí ó kan òǹdíje kan láti ṣeré, a sì máa ń yí káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi hàn pé a ti lò ó. Ẹ̀mí 20 ni òǹdíje kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú káàdì méje lọ́wọ́.

Lantern Control

Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún yín. Lantern of Insight, tí ó jáde ní ọdún 2004, kò gbà ju máńà kan lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé káàdì tí ó wà lókè òkìtì àwọn òǹdíje méjèèjì yóò máa hàn sí gbogbo ojú. Codex Shredder àti Ghoulcaller's Bell, tí àwọn náà ń gba máńà kọ̀ọ̀kan, ni a fi ń ti káàdì òkè yẹn sínú itẹ́. Bí Lantern kan àti ohun èlò méjì tàbí mẹ́ta irú èyí bá ti wà lórí pápá, àwa ni a ó máa pinnu ohun tí alátakò yóò fà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí kò nílò mọ́, a ó fi sílẹ̀ kí ó fà á. Bí ó bá jẹ́ káàdì tí ó lè yọ ọ́ nínú ewu, a ó tì í sí itẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Ensnaring Bridge ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀dá tí agbára rẹ̀ bá ju iye káàdì tí ó wà lọ́wọ́ wa lọ kò lè kọlù wá, bẹ́ẹ̀ a sì ti lo gbogbo káàdì ọwọ́ wa tán kí ó tó dé ibẹ̀. Alátakò yóò máa kó ẹ̀dá jọ sórí pápá, kò sì ní lè rán ìkankan nínú wọn níṣẹ́, títí òkìtì rẹ̀ yóò fi tán.

Ẹ wo bí ó ṣe dáhùn ìbéèrè mi. Lightning Bolt, Fatal Push àti gbogbo káàdì tí a ṣe láti pa ẹ̀dá kò rí ohun tí wọn yóò pa. Ẹ̀dá ńlá-ńlá alátakò di ohun ọ̀ṣọ́. Mímọ̀ kò sì yí èyí padà. Ní ọdún 2015 ni Zac Elsik fi Lantern Control gba Grand Prix, ìdíje ńlá kan, tí ó wáyé ní Oklahoma City, tí gbogbo ayé Modern fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2018, nígbà tí kò sí òǹdíje Modern kan tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí, Luis Salvatto tún fi í gba Pro Tour Rivals of Ixalan, ìdíje àwọn ògbóǹtarìgì, ní Bilbao. Dẹ́ẹ̀kì tí ó tún gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀ tí ojú ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìyàlẹ́nu ni ó gbé e débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti lò, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i bí ó ṣe lè já ènìyàn kulẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ alátakò mi pátápátá. Bridge wà lórí pápá, káàdì kò sí lọ́wọ́ mi, Lantern méjì àti Shredder méjì wà níwájú mi, ẹ̀dá mẹ́ta sì dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ láìlè kọlù mí. Káàdì tí ó hàn lókè òkìtì rẹ̀ ni Ancient Grudge, ọfọ̀ tí ń fọ ohun èlò. Inú mi dùn pé mo tètè rí i, mo yí Shredder kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tì í sí itẹ́. Mo ti gbàgbé pé Ancient Grudge ṣeé pè láti inú itẹ́ pẹ̀lú máńà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo. Ó yí ilẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọ́ Bridge, àwọn ẹ̀dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọlé. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe wà lójú mi kedere lẹ́yìn náà: a lè fi Lantern rúbọ kí òǹdíje kan pò òkìtì rẹ̀ pọ̀, mo sì ní méjì. Bí mo bá ti fi ọ̀kan rúbọ, Grudge ì bá ti sọnù sínú òkìtì, Lantern kejì ì bá sì máa ṣọ́nà lọ. Gbogbo eré Lantern ni ó rí báyìí. Ó ń béèrè pé kí ẹ mọ káàdì alátakò ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ.

Àkókò náà ń ká a lọ́wọ́ kò. Ìṣẹ́jú 50 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, a ó sì fi ìyípo márùn-ún kún un bí ó bá tán. Ẹni tí ó ń ronú pẹ́ yóò máa gba ọ̀mì níbi tí ó ti yẹ kí ó borí. Mox Opal, tí ó ń fún dẹ́ẹ̀kì yìí ní máńà kíákíá, wà lábẹ́ ìfòfindè ní Modern láti oṣù kìíní ọdún 2020 títí di oṣù kejìlá ọdún 2024 tí wọ́n dá a padà. Láàárín àkókò náà, àwọn káàdì tí ń bá ohun èlò jà ti pọ̀ sí i. Karn, the Great Creator, tí ó jáde ní ọdún 2019, kò ní jẹ́ kí a lè yí Shredder wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Boseiju, Who Endures, ti ọdún 2022, tí ó lè fọ́ ohun èlò, tún burú jù ú lọ, nítorí pé ilẹ̀ ni í ṣe, Thoughtseize àti Inquisition of Kozilek tí a fi ń yọ káàdì lọ́wọ́ alátakò kò sì lè fọwọ́ kan ilẹ̀.

Goblin Charbelcher

Charbelcher jẹ́ ohun èlò tí ó jáde ní ọdún 2003. Ó ń gba máńà mẹ́rin kí ó tó dé pápá, ó sì ń gba mẹ́ta mìíràn kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí a bá lò ó, a ó máa ṣí káàdì òkìtì wa láti òkè títí a ó fi kan ilẹ̀, iye káàdì tí kì í ṣe ilẹ̀ tí a ṣí ni yóò sì jẹ́ iye ẹ̀mí tí alátakò yóò pàdánù. Ìṣòro tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ni ó ń mú máńà wá, ilẹ̀ náà sì ni ó ń dá Charbelcher dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni Zendikar Rising mú káàdì olójú méjì wá, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ọfọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí káàdì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú òkìtì, ojú iwájú nìkan ni òfin mọ̀. Èyí ni pé ènìyàn lè ní ilẹ̀ púpọ̀ láti lò lórí pápá, kí òkìtì rẹ̀ má sì ní ilẹ̀ kankan. Modern Horizons 3 ti ọdún 2024 fi àwọn mìíràn kún un, irú Sink into Stupor, láti ìgbà náà sì ni ẹ̀yà aláwọ̀ búlúù rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá a kò lè fi ilẹ̀ gidi kan ṣoṣo sí i, kí máńà lè rọrùn. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ ṣírò rẹ̀: ká ní káàdì 49 ni ó kù nínú òkìtì, ẹ̀mí alátakò sì ṣì pé 20. Bí ilẹ̀ kan yẹn bá wà láàárín káàdì 20 àkọ́kọ́, ọṣẹ́ tí Charbelcher yóò ṣe kò ní tó pa á. Ìjákulẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 41 nínú 100. Láìsí ilẹ̀ yẹn, gbogbo 49 ni yóò ṣí, eré sì parí níbẹ̀.

Nígbà tí alátakò bá ti mọ̀, ohun tí ó lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Pithing Needle lè pe orúkọ Charbelcher kí ó sì sọ ọ́ di òkúta. Karn àti Stony Silence náà ń dá a dúró. Consign to Memory ń fi máńà kan ṣoṣo fagi lé e, nítorí pé kò ní àwọ̀. Èyí tí ó mú kí n gbé e ga ni pé àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ń fẹ́ kí alátakò mú wọn lọ́wọ́ ní àkókò tí ó tọ́, nígbà tí dẹ́ẹ̀kì tiwa kún fún ọfọ̀ ìfagilé tirẹ̀, irú Disrupting Shoal tí kò gba máńà rárá bí a bá yọ káàdì búlúù mìíràn fún un. Káàdì apẹ̀dá sì tún di òfo lọ́wọ́ rẹ̀ bí ti Lantern. Yàtọ̀ sí èyí, eré rẹ̀ yára. Lotus Bloom tí a bá gbé kalẹ̀ ní ìyípo kìíní yóò dé pápá ní ìyípo kẹrin, yóò sì fúnni ní máńà mẹ́ta, èyí tí ó tó gan-an láti yin Charbelcher. Ẹni tí ó bá lo dẹ́ẹ̀kì yìí kì í sábà bá ìṣẹ́jú 50 jà.

Manaless Dredge

Nínú ẹ̀wà lásán, kò sí èyí tí ó jọ ọ́. Dẹ́ẹ̀kì náà kò ní ilẹ̀, kò sì ń pe ọfọ̀ pẹ̀lú máńà kankan. Golgari Grave-Troll àti Stinkweed Imp ní agbára tí a ń pè ní dredge: bí wọ́n bá wà nínú itẹ́, dípò kí a fa káàdì, a lè da káàdì mẹ́fà tàbí márùn-ún láti orí òkìtì sínú itẹ́, kí a sì gbé káàdì dredge tí a lò náà padà sí ọwọ́. Báwo wá ni wọn yóò ṣe kọ́kọ́ dé itẹ́ láìsí máńà? A ó yàn láti jẹ́ ẹni kejì. Ẹni kejì ń fa káàdì ní ìyípo rẹ̀ àkọ́kọ́, káàdì ọwọ́ yóò di mẹ́jọ, òfin kò sì gbà ju méje lọ ní òpin ìyípo. Nítorí náà a ó da Grave-Troll nù, láìpe ọfọ̀ kankan, alátakò tí ó mú Force of Will méjì, ọfọ̀ ìfagilé, lọ́wọ́ yóò sì máa wò wá níran nítorí pé kò sí ohun tí yóò fagi lé. Láti ìyípo kejì ni òkìtì yóò ti máa ya lulẹ̀. Narcomoeba yóò bọ́ sórí pápá fúnra rẹ̀, a ó fi ẹ̀dá kan rúbọ láti pe Cabal Therapy, tí ń yọ káàdì lọ́wọ́ alátakò, láti inú itẹ́, a ó fi mẹ́ta rúbọ fún Dread Return, tí ń gbé ẹ̀dá láti inú itẹ́ padà sórí pápá. Bí ó bá jẹ́ Phantasmagorian ni a kọ́kọ́ dà nù, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó jẹ́ kí a da káàdì mẹ́ta-mẹ́ta nù nígbàkígbà tí ó bá wù wá.

Ibí yìí ni ìbéèrè mi ti dùn ún. Ẹni tí ó bá mọ dẹ́ẹ̀kì náà tí ó sì ní àǹfààní láti yàn yóò sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ẹ kò sì ní fa káàdì ní ìyípo kìíní, káàdì yín yóò dúró sí méje, ẹ ó sì pàdánù odidi ìyípo kan. Bí ó bá tún fi Leyline of the Void bẹ̀rẹ̀ lórí pápá, ohunkóhun tí ìbá lọ sí itẹ́ yín yóò kúrò nínú eré pátápátá, dẹ́ẹ̀kì tí kò ní máńà kò sì ní ọ̀nà púpọ̀ láti bá a jà. Legacy kún fún àwọn dẹ́ẹ̀kì mìíràn tí ń lo itẹ́, nítorí náà kò ṣọ̀wọ́n kí a rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ nínú 15 àwọn ènìyàn. Gitaxian Probe, tí ó wúlò fún un gidigidi, ni wọ́n ti fi òfin dè ní Legacy láti oṣù keje ọdún 2018. Àǹfààní ńlá kan ni ó ṣì ní: nítorí pé kò lo ilẹ̀, kò nílò àwọn ilẹ̀ alámáńà méjì àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti ṣèlérí pé òun kò ní tẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì jẹ́ ìdènà owó fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ wọ Legacy.

Battle of Wits

N kò ní pẹ́ níbí. Káàdì yìí, ti ọdún 2001, sọ pé bí káàdì 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà nínú òkìtì wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo wa, a ti borí. Òfin kò ní òdiwọ̀n òkè fún dẹ́ẹ̀kì, bí a bá ṣáà lè pò ó fúnra wa láàárín àkókò tí wọ́n fún wa. Inú mi a máa dùn láti rí ẹni tí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n kò sọ káàdì alátakò kankan di asán: apẹ̀dá yóò pa àwọn ẹ̀dá tí a fi ń dáàbò bo ara wa, afọ́káàdì yóò fọ́ Battle of Wits fúnra rẹ̀, máńà márùn-ún ni a sì ná kí a tó gbé e kalẹ̀, kí a tún wá dúró de ìyípo tí ó kàn.

Bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìṣirò káàdì ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ó fi ìyàtọ̀ hàn jù. Nínú dẹ́ẹ̀kì 60, káàdì tí a ní mẹ́rin rẹ̀ ń wà nínú méje àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìgbà 40 nínú 100. Bí a bá ní mẹ́jọ tí iṣẹ́ wọn jọra, yóò gòkè dé 65. Èyí ni ó mú kí Lantern dúró ṣinṣin, nítorí pé Shredder àti Bell ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan kò sì pọn dandan bí èkejì bá wà. Charbelcher wà láàárín: mẹ́rin péré ni ohun èlò náà, ṣùgbọ́n a kò nílò rẹ̀ ní ọwọ́ àkọ́kọ́, a ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti wá a. Nínú dẹ́ẹ̀kì 240 ti Battle of Wits, 11 nínú 100 ni mẹ́rin ń fún wa, a ó sì ní láti fi àìmọye káàdì awákáàdì kún un kí a tó lè máa rí i.

Ní ti àkókò tí ẹ ó fi kọ́ ọ, Manaless Dredge ni ó yá jù, nítorí ìpinnu inú rẹ̀ kò pọ̀ lẹ́yìn ìyípo kejì. Charbelcher yóò gbà yín ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ fi káàdì olójú méjì ṣe ilẹ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí ẹ fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọfọ̀. Lantern yóò gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì pàdánù púpọ̀ nínú oṣù wọ̀nyẹn.

Bí ẹ bá bi mí, Charbelcher ni mo máa ní kí ẹni tí ó ń gbé dẹ́ẹ̀kì àràmàǹdà lọ sí ìdíje Modern fún ìgbà àkọ́kọ́ yàn. Ẹni tí ó ti mọ Modern dáadáa, tí ó ń yára ronú, tí kò sì kọ̀ láti fi ìyípo 20 dúró kí ó tó borí, kí ó gbé Lantern, níwọ̀n ìgbà tí Boseiju kò bá pọ̀ jù níbi tí ó ń lọ. Manaless Dredge yẹ ẹni tí ó fẹ́ wọ Legacy láìní àwọn ilẹ̀ àtijọ́, tí ó sì lè fara mọ́ ọn pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tàbí méjì lọ́jọ́ náà yóò ti bọ́ lọ́wọ́ òun nígbà tí Leyline bá ti hàn. N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé Battle of Wits lọ síbi tí ó ti fẹ́ gba ipò.

Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe kí n tó fọwọ́ sí dẹ́ẹ̀kì èyíkéyìí, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe é pẹ̀lú èyí tí ẹ bá yàn. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tí ó mọ eré náà dunjú, ẹ fi gbogbo káàdì yín hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí ó ti mú káàdì ìpààrọ̀ rẹ̀ wọlé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun máa yan ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì ṣe eré mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá fún yín ní márùn-ún, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje. Èyí tí ó bá fún yín ní mẹ́rin, ẹ tún káàdì ìpààrọ̀ 15 tiyín wò, kí ẹ sì ṣe mẹ́wàá mìíràn.